Ẹ̀rọ Kọ Ọ́, Ta Ni Yóò Fọwọ́ Sí I?

Gbólóhùn kan wà tí ó ti di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ènìyàn láti ìgbà tí a ti gbé ẹ̀rọ ChatGPT jáde fún aráyé ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. A gbọ́ ọ nínú ìpàdé àwọn olùkọ́, a gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ èrò, a sì gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá kan tí ó wá mú ọmọbìnrin rẹ̀ kúrò ní ibi tí ó ti ń kọ́ṣẹ́ títẹ̀wé: "Iṣẹ́ akọ̀wé ti kú; ẹ̀rọ ti gbà á." Bàbá náà kò bínú, kò sì sunkún. Ó sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń sọ pé òjò ti dá. Ó ti san ìdajì owó ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ó ní òun kò bèèrè rẹ̀ padà, kí a sáà jẹ́ kí ọmọ náà lọ kọ́ ohun mìíràn kí ọjọ́ tó lọ.

Àwa kò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sì gba ti àwọn tí ń fi í rẹ́rìn-ín gbọ́, àwọn tí ń wí pé ẹ̀rọ yìí kò ní dé ọ̀dọ̀ wa, pé iná mànàmáná tí kì í dúró ni yóò dáàbò bò wá. Ó ṣe ni láàánú pé àìsí iná ni àwọn ẹlòmíràn fi ń ṣe odi ìlú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí ó jẹ́ òtítọ́. Ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní AI, kì í ṣe ẹ̀mí, kì í sì í ṣe idán. A ti fi ìwé bọ́ ọ, ìwé tí ó pọ̀ ju èyí tí ènìyàn kan lè kà bí ó tilẹ̀ wá sí ayé ní ìgbà ẹgbẹ̀rún, ó sì ti kọ́ bí ọ̀rọ̀ kan ti máa ń tẹ̀ lé èkejì. Ó lè kọ lẹ́tà, ó lè kó ọ̀rọ̀ ìpàdé wákàtí méjì sínú ojú ìwé kan, ó lè gbọ́ ohùn kí ó sì sọ ọ́ di àkọsílẹ̀, ó lè ka ìwé tí a fi ọwọ́ kọ láti inú àwòrán. Ohun tí akọ̀wé kan yóò fi òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣe, ẹ̀rọ náà a ti ṣe é kí a tó mu omi tán. Ẹni tí ó bá sẹ́ èyí, ojú rẹ̀ ni ó dì.

Ní ọdún 2023, Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀ràn Iṣẹ́, tí a mọ̀ sí ILO, yẹ oríṣiríṣi iṣẹ́ wò láti mọ èyí tí ẹ̀rọ wọ̀nyí lè ṣe. Iṣẹ́ akọ̀wé ni ó ṣíwájú gbogbo wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí akọ̀wé ń ṣe, wọ́n ní 24 wà tí ọwọ́ ẹ̀rọ náà lè tẹ̀ gidigidi, 58 mìíràn sì wà tí ọwọ́ rẹ̀ lè tẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Kò sí ẹgbẹ́ iṣẹ́ mìíràn tí ó súnmọ́ ọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ World Economic Forum gbé ìròyìn tirẹ̀ jáde láti ẹnu àwọn agbanisíṣẹ́. Lára àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ní yóò yára dínkù títí di ọdún 2030 ni ti akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́, ti ẹni tí ń gba owó tí ó sì ń san án ní báǹkì, àti ti ẹni tí ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà.

Àwọn tí ń rẹ́rìn-ín a máa fà á yọ pé ILO kan náà ni ó wí pé, ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó tòṣì jùlọ, ìpín 0.4 péré nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ni ẹ̀rọ lè gbà lọ́wọ́ ènìyàn, nígbà tí ó jẹ́ 5.5 ní àwọn tí ó lọ́rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀. Iye náà kéré nítorí pé iṣẹ́ akọ̀wé kò tíì pọ̀ ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé kan náà sì kìlọ̀ pé iṣẹ́ yìí, tí ó ti jẹ́ ẹnu ọ̀nà tí àwọn obìnrin ń gbà wọ iṣẹ́ oṣù bí orílẹ̀-èdè ti ń gòkè, lè máà dé àwọn ilẹ̀ náà mọ́ rárá. Iṣẹ́ tí a gbà lọ́wọ́ ẹni, a lè sunkún rẹ̀, a lè kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ nítorí rẹ̀. Iṣẹ́ tí kò dé rí ńkọ́? Ta ni yóò mọ̀ pé òun pàdánù rẹ̀?

Àwọn mìíràn wà tí ọgbọ́n wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní ẹ̀rọ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ́fíìsì, pé gbogbo ẹ̀rọ tí ó ti dé ni ó ń bí iṣẹ́. Wọ́n a sọ ti Christopher Latham Sholes, ará Milwaukee ní Amẹ́ríkà, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìwé àṣẹ lórí táípúráítà ní ọdún 1868, tí ilé iṣẹ́ Remington sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní 1874. Kí ó tó dé, àwọn ọkùnrin ni wọ́n pọ̀ jùlọ nínú àwọn tí ń fi kálámù da ìwé kọ. Nígbà tí ó dé, ó ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì fún àwọn obìnrin lọ́pọ̀lọpọ̀, títí iṣẹ́ náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di tiwọn nìkan. Ìtàn náà dára, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n kí a wò ó dáradára: táípúráítà kò lè tẹ lẹ́tà kan ṣoṣo bí kò bá sí ìka ọwọ́ lórí rẹ̀. Bí táípúráítà bá ti pọ̀ tó ni ìka ọwọ́ tí a ń wá ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ̀rọ ti ìsinsìnyí kò wá ìka ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ẹni tí ó bá fi ti àná tu wá nínú ní ti òní, ó ń fún ẹni tí ebi ń pa ní oúnjẹ àná tí a ti jẹ tán.

Ǹjẹ́ bí a ti gba gbogbo èyí, èéṣe tí a fi sọ pé bàbá ọmọ náà kò tọ̀nà? A ní ẹ̀ṣẹ̀ tiwa láti jẹ́wọ́ kí a tó dáhùn, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé a jókòó sí òkè, a ń sọ òkúta sí ìsàlẹ̀.

Ní ọdún 2024, ilé ẹ̀kọ́ kan tí a wà lára àwọn alábòójútó rẹ̀ pinnu láti kó àwọn ìwé orúkọ rẹ̀ àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn ìwé náà ti gbó, ikán sì ti jẹ etí wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní ọ́fíìsì tí ì bá fi oṣù mẹ́ta dà wọ́n kọ. A ní kí ó máa lọ sílé, pé owó kò tó. A ya àwòrán ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, a fi wọ́n fún ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ méjì ohun gbogbo ti parí. Ó tò lẹ́sẹẹsẹ lójú kọ̀ǹpútà, kò sí àlàfo kan ṣoṣo níbẹ̀. A yin ara wa.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, lẹ́tà kan dé láti ibi iṣẹ́ ìyá kan tí ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ rí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Àríyànjiyàn wà lórí ọjọ́ orí rẹ̀ nínú fáìlì, wọ́n sì fẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ jẹ́rìí. A wo inú kọ̀ǹpútà: 1963. A tẹ̀ ẹ́, a lu òǹtẹ̀, a fọwọ́ sí i, a sì fi ránṣẹ́. Orúkọ tiwa ni ó wà ní ìsàlẹ̀ ìwé náà. Kò pẹ́ ni wọ́n sọ fún ìyá náà pé ó ti kọjá ọgọ́ta ọdún tí òfin fún òṣìṣẹ́, pé kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó sì dá owó oṣù tí ó ti gbà láti ìgbà náà padà. Ó wá bá wa. Ó kúnlẹ̀, ẹni tí ó ju wá lọ. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, olùkọ́, ọdún 1966 ni wọ́n bí mi. Ìyá mi kò purọ́ fún mi." Ojú ń tì wá láti kọ ohun tí a fi dá a lóhùn. A ní, "Mà, ohun tí ìwé wí náà ni a kọ."

Akọ̀wé kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ni ó yọ gbogbo wa. Ó ní kí a gbé ìwé ikán-jẹ náà wá. Ó gbé e sínú oòrùn, ó sì fi ìka hàn wá pé nọ́ḿbà tí ó gbẹ̀yìn nínú ọdún ìbí náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ikán ti jẹ ẹ́ lọ. Ẹ̀rọ ni ó fi 3 dí ihò náà. Lẹ́yìn náà ó bèèrè ìwé ìrìbọmi ti ìjọ, nítorí ó mọ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò, pé ìwé méjèèjì a máa jẹ́rìí ara wọn. Ọjọ́ ìbí ìyá náà wà níbẹ̀ ketekete ní ọdún 1966. Ó gba oṣù mẹ́rin kí a tó tún ohun tí a bàjẹ́ ṣe, ní gbogbo oṣù mẹ́rin náà ìyá náà kò gba kọ́bọ̀.

Bàbá arúgbó náà kò bá wa wí. Gbólóhùn kan péré ni ó sọ: "Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo dà á kọ, n óò kọ ‘kò hàn’ síbẹ̀."

Kò hàn! Nínú gbogbo ìwé tí ẹ̀rọ náà kọ fún wa, kò sí ibi kan tí ó ti kọ ọ̀rọ̀ méjì yìí. A kò sọ fún un pé kí ó kọ ọ́, kò sì wá ọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ni ó ń wá. Bí ihò bá wà, a dí i, a sì dí i dáradára tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè rí ibi tí ihò náà wà. Akọ̀wé tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa bẹ̀rù ihò. Ó mọ̀ pé lẹ́yìn nọ́ḿbà kan ènìyàn kan ń bẹ tí yóò jẹun tàbí tí kò ní jẹun nítorí rẹ̀. Ìbẹ̀rù yìí ni iṣẹ́ akọ̀wé. Dída ìwé kọ jẹ́ apá tí ojú rí nínú rẹ̀, ẹ̀rọ sì ti gba apá náà; kí ó máa gbé e lọ.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a ti kó sí ọ̀fìn yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, adájọ́ kan ní New York bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn lọ́yà méjì àti ilé iṣẹ́ wọn, nítorí pé wọ́n mú ẹjọ́ àtijọ́ wá síwájú rẹ̀ tí kò ṣẹlẹ̀ rí, tí ChatGPT hun fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ bi ẹ̀rọ náà léèrè bí ẹjọ́ náà bá jẹ́ òtítọ́. Ẹ̀rọ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní Kánádà, ẹ̀rọ tí ń dá oníbàárà lóhùn fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Air Canada ti sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nípa owó ọkọ̀. Nígbà tí ọ̀ràn náà dé iwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́, ilé iṣẹ́ náà jiyàn pé ẹ̀rọ náà dá dúró, pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ẹ gbọ́ o! Olówó ń fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ra ẹrú, ó sì ń fi ẹ̀bi ran ẹrú náà. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìgbìmọ̀ kọ̀ fún wọn, ó ní kí wọ́n san owó fún oníbàárà náà.

Èyí tí ó burú jù ni ti ilé ìfìwéránṣẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ti ọgbọ́n àtọwọ́dá. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ ìṣirò kan tí à ń pè ní Horizon sí ọwọ́ àwọn tí ń bójú tó àwọn ẹ̀ka kéékèèké. Ẹ̀rọ náà a máa sọ pé owó ti dínkù nígbà tí owó kò dínkù. Títí di 2015, ó ju 900 ènìyàn lọ tí a dá lẹ́bi olè àti èké. Àwọn kan lọ sí ẹ̀wọ̀n, àwọn mìíràn ta ilé wọn láti san owó tí wọn kò jẹ. Ní 2019 ni ilé ẹjọ́ gíga sọ ọ́ gbangba pé àléébù wà nínú ẹ̀rọ náà, ní 2024 ni ilé aṣòfin sì ṣe òfin láti wẹ orúkọ wọn mọ́. Fún ogún ọdún ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń wí pé "Nọ́ḿbà yìí kò pé," tí àwọn ọ̀gá sì ń dá wọn lóhùn pé ohun tí ẹ̀rọ wí ni ẹ̀rọ wí. Nígbà tí a kà á, ọ̀rọ̀ tí a sọ sí ìyá yẹn ni ó ń dún ní etí wa.

A wá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá iṣẹ́, àwọn ni a tilẹ̀ ń bá jà jùlọ. Wọn kì í lé akọ̀wé àgbà. Wọ́n mọ̀ pé òun ni ó mọ ibi tí ohun gbogbo wà. Ọmọ kékeré tí ń gbé fáìlì, tí ń da lẹ́tà kọ, òun ni wọ́n ní kò wúlò mọ́. Ó dà bí ọgbọ́n lójú wọn, owó oṣù ẹnì kan dínkù. Ṣùgbọ́n níbo ni akọ̀wé àgbà yìí ti wá? Ìdí fáìlì ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé ẹgbẹ̀rún tí ó dà kọ nígbà èwe rẹ̀, tí ó ń rò pé ó ń sú òun, òun ni ó kọ́ ojú rẹ̀ láti rí ìṣìrò tí kò tọ́ kí ó tó ka gbólóhùn tán. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè; àwọn ọ̀gá wọ̀nyí gé ọwọ́ ọmọdé, wọ́n sì ń retí pé akèrègbè yóò máa fọ ara rẹ̀. Nígbà tí akọ̀wé àgbà bá fẹ̀yìn tì, ta ni yóò gbé ìwé sínú oòrùn wò? Ilé iṣẹ́ Klarna ti ilẹ̀ Sweden fi yangàn ní 2024 pé ẹ̀rọ òun ń ṣe iṣẹ́ 700 ènìyàn tí ń dá oníbàárà lóhùn. Ní 2025 ọ̀gá rẹ̀ jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ ti di yẹpẹrẹ, ó sì tún ń wá ènìyàn gbà. Klarna lówó láti ṣe àṣìṣe kí ó sì padà. Àwọn ilé iṣẹ́ tiwa kò ní irú owó bẹ́ẹ̀.

(Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe sọ fún wa pé ẹ̀rọ náà dá kọ́ ara rẹ̀. Ní 2023 ni ayé gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ní Nairobi ni wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin ọjọ́ dé ọjọ́, tí wọ́n ń sàmì sí i kí ẹ̀rọ lè mọ̀ ọ́n, fún owó tí kò tó dọ́là méjì ní wákàtí kan. Akọ̀wé ni àwọn náà, a kàn kọ̀ láti fún wọn ní orúkọ náà ni.)

Ní ti èdè wa, ẹ̀rí náà súnmọ́ ilé. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni a ń fi ọwọ́ mú, tí a ń tò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Títí di òní, ọmọ tí ó bá tẹ Yorùbá dáradára gbọ́dọ̀ mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́, kí ó mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀, àti ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀kọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú Yorùbá tí a fi bọ́ àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ni a kọ láìsí àmì, nítorí náà wọ́n a máa fi àmì sí ibi tí kò yẹ, pẹ̀lú ìdánilójú ńlá. Ẹ wo ìwé àdéhùn tí "owo" wà nínú rẹ̀: owó ni, tàbí òwò? Ènìyàn méjì lè dé ilé ẹjọ́ nítorí àmì kan, ẹ̀rọ kò sì ní bá wọn lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a ń kọ́ ọmọ nìyí, a kò sì ní fi í sábẹ́ ahọ́n sọ. Láyé àwọn bàbá wa, akọ̀wé ni a ń pe ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ̀wé. Orúkọ ńlá ni. Àwa ni a sọ ọ́ di kékeré. Ọdún pípẹ́ ni a ti ń kọ́ ọmọ ní àdàkọ tí a sì ń pè é ní ẹ̀kọ́. A kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó, ọmọ dà á kọ sínú ìwé. Ní ọjọ́ ìdánwò ó dà á kọ padà fún wa, a sì fún un ní máàkì. Ọmọ tí ó bá bèèrè pé "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́?" a ní ẹnu rẹ̀ mú jù. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín irú ọmọ bẹ́ẹ̀ àti ẹ̀rọ, bí kò ṣe pé ẹ̀rọ kì í jẹun ọ̀sán? Kí ẹ̀rọ tó dé ni a ti pa akọ̀wé. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fún àwọn ọmọ ní lẹ́tà tí ẹ̀rọ kọ, kí ẹ sì ní kí wọ́n wá irọ́ inú rẹ̀; ẹni tí ó bá rí i ni kí ẹ yìn, kí ẹ má sì bá ẹni tí ó kọ "kò hàn" jà nígbà tí kò bá hàn. Ẹ̀yin alábòójútó, bí ẹ̀rọ bá kọ ìwé, kí ènìyàn kan tí ó ní orúkọ kà á pẹ̀lú ojúlówó ìwé kí ó tó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì san owó fún un. Ọmọ kékeré ni kí ó jẹ́, kí ó jókòó ti àgbà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a ní kí ó máa lọ sílé kò padà. Ó ti rí iṣẹ́ sí ibòmíràn. Ní ti ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ wá mú lọ, a bẹ bàbá náà, a ní kí ó yá wa ní ọmọ náà fún oṣù mẹ́ta, a ó máa sanwó fún un. Láràárọ̀ ni ó ń jókòó ti akọ̀wé arúgbó yẹn, ìwé ikán-jẹ ní ọwọ́ òsì, ohun tí ẹ̀rọ kọ ní ọwọ́ ọ̀tún, ó ń kà wọ́n mọ́ ara wọn ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ tí a ń kọ èyí, ó ti dé àwọn tí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ní ọdún 1974. Ó ti rí ibi mọ́kànlá.